Ta ni ẹ ń dílé mú dè? Ìtọ́sọ́nà fún yíyan ọ̀nà ìdílémú nínú géèmù básíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin kan tó máa ń wá gba iná sí fóònù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọlá-Ìyá, níbí ní Òṣogbo, gbé fóònù náà síwájú mi bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná wá. Wọ́n ti na ikọ̀ rẹ̀, 112 sí 87. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. 2-3 ni mo lò. 2-3 yìí náà ló gbé mi wọ ìpele kẹta. Àfi bíi pé wọ́n ti yí géèmù yìí padà."

Wọn ò yí nǹkan kan padà. 2-3 jẹ́ ọ̀nà ìdílémú kan tó kó èèyàn mẹ́ta sábẹ́ àwọ̀n, tó fi méjì péré síwájú. A ṣí àkọsílẹ̀ eré náà, a sì wo ibi tí àwọn alátakò ti ń ju bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù 41 ni wọ́n jù láti ẹ̀yìn ìlà ọlọ́mẹ́ta, níbi tí bọ́ọ̀lù kan ti ń mú pọ́ìǹtì mẹ́ta wá, 17 wọlé. Pọ́ìǹtì 51 nìyẹn, láti ibi tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó dúró sí. Ọmọ yìí ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọn-in, ó sì fi fèrèsé iwájú sílẹ̀ gbayawu fólè.

Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí. BuzzerBeater ni èmi ń gbá jù, orúkọ tó wà nínú rẹ̀ ni mo sì máa lò, ṣùgbọ́n àwọn géèmù akọ́nimọ̀ọ́gbá yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí inú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gidi ni gbogbo wọn ti ṣa ọ̀nà wọn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: a kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú irú géèmù yìí. À ń ra agbábọ́ọ̀lù, à ń kọ́ wọn, à ń to ikọ̀, a sì ń fi àṣẹ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tí fèrè bá ti dún, kọ̀ǹpútà ló kù tó ń gbá a. Kò sí pé ẹ ó dìde lórí bẹ́ǹṣì kẹ́ ẹ máa pariwo pé kí wọ́n sún síwájú. Ohun tẹ́ ẹ bá yàn, òun lẹ máa jẹ títí eré á fi parí.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń ṣí sílẹ̀

Aṣọ ìbora kúkúrú ni gbogbo ọ̀nà ìdílémú. Ẹ fà á bo orí, ẹsẹ̀ á yọ. Ẹ fà á bo ẹsẹ̀, yànmùyánmú á rí etí jẹ. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń wo ibi tí ọ̀nà kan bò nìkan, tí a ó sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ibi tí kò bò gan-an ni alátakò ń wò.

Man-to-man, ẹnì kan sí ẹnì kan, ni ilé. Kò fún yín ní ẹ̀bùn kankan, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Bí àwọn èèyàn yín bá ṣe le tó ni ọwọ́ ẹ̀yìn yín ṣe máa le tó. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò sí kọ̀rọ̀ tí ọ̀lẹ lè fara pa mọ́ sí. Tí ẹnì kan nínú márùn-ún bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ wúwo, alátakò tó bá lo isolation, ọ̀nà ìkọlù tó ń fi ẹnì kan dojú kọ ẹnì kan, á wá a kàn, á sì máa gbé bọ́ọ̀lù lọ bá a ṣáá, bí olówó èlé tó mọ ilé onígbèsè.

2-3 kó èèyàn méjì síwájú, mẹ́ta sábẹ́ àwọ̀n. Abẹ́ àwọ̀n á le, bọ́ọ̀lù tó bá ta lára irin, èyí tí gbogbo wa ń pè ní rebound, á sì rọrùn láti kó. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì kò lè ṣọ́ ìlà ọlọ́mẹ́ta láti igun dé igun. Láti 2010, mítà 6.75 ni ìlà yẹn fi jìnnà sí àwọ̀n lórí pápá FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àgbáyé, pápá náà sì fẹ̀ ní mítà 15. Ẹ fojú inú wo adílémú méjì tó ń sá yí gbogbo ìyẹn ká. Òógùn ni wọ́n máa là, wọn ò ní bá bọ́ọ̀lù.

3-2 ni òdìkejì rẹ̀. Mẹ́ta lọ síwájú, ìlà ọlọ́mẹ́ta há, àwọn méjì tó kù sì ń dá bá òmìrán jìjàkadì lábẹ́ àwọ̀n. Tí alátakò bá ń gbá Motion tàbí Run and Gun, àwọn ọ̀nà ìkọlù tó gbójú lé ìta, tí àwọn tó ga nínú ikọ̀ rẹ̀ kò sì mú, ọ̀nà yìí dùn bí oyin. Lójú alátakò tó ń gbá Low Post, ìkọlù abẹ́ àwọ̀n, ẹ ti fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ẹní fún un.

Zone là ń pe irú ọ̀nà bíi 2-3 àti 3-2, tí adílémú ti ń ṣọ́ àyè dípò ẹnì kan. Mo mọ àwọn kan tó fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ní àwọn ò rí i kó wọ́pọ̀ ní NBA. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin wà nínú ọ̀rọ̀ náà. NBA kò gba zone láàyè rárá títí di sáà 2001 sí 2002, nígbà tí wọ́n sì gbà á, wọ́n fi òfin mìíràn tì í lẹ́yìn pé adílémú kò gbọ́dọ̀ dúró sábẹ́ àwọ̀n ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ tí kò bá ṣọ́ ẹnikẹ́ni. FIBA kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fún adílémú. Ẹ má tìtorí ohun tẹ́ ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n fi ju idà kan nù nínú apó yín.

1-3-1 fi ẹnì kan sókè, mẹ́ta sí ìbú pápá, ẹnì kan sábẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fìtínà ẹni tó fẹ́ fún ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù. Igun méjèèjì ló ń ṣí sílẹ̀, ẹni tó sì kù lábẹ́ àwọ̀n á máa dá du rebound bí ọmọ òrukàn. Mo ti lò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má bi mí léèrè èsì rẹ̀.

Full court press ń lé alátakò láti ilé rẹ̀ wá, kó má baà ráyè gbé bọ́ọ̀lù kọjá àárín pápá. Tí ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún alátakò bá jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bọ́ọ̀lù á máa bọ́ sọ́wọ́ yín. Owó tẹ́ ẹ máa san fún un ni fáwọ̀lù àti àárẹ̀. Ẹ ka bẹ́ǹṣì yín kẹ́ ẹ tó yàn án. Ẹni tí kò ní ju agbábọ́ọ̀lù meje tó nílàárí lọ, tó wá ń lo press, ó fẹ́ parí eré pẹ̀lú àwọn ọmọdé ni.

Ó wá ku box-and-one, tó máa ń dán mọ́ni lójú jù lọ. Ẹnì kan lẹ̀ mọ́ ìràwọ̀ alátakò, mẹ́rin tó kù to ara wọn bí àpótí. Ẹni tó wo àṣekágbá NBA 2019 ti rí agbára rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ nínú eré kan ṣoṣo. Eré kejì láàárín Golden State àti Toronto ni. Klay Thompson ti fara pa jáde, Kevin Durant kò sí lórí pápá rárá, ló bá di pé Stephen Curry nìkan ló kù tí Golden State lè gbójú lé láti òkèèrè. Nick Nurse, akọ́nimọ̀ọ́gbá Toronto, fi ẹnì kan lẹ̀ mọ́ Curry, ó sì fi mẹ́rin ṣọ́ àpótí. Ó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí Golden State kò fi rí bọ́ọ̀lù kankan jù wọlé. Àmọ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Andre Iguodala, kò sẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀, ó jù ú láti ẹ̀yìn ìlà, ó wọlé. 109 sí 104, Golden State ló borí. Nínú géèmù, mi ò ní fọwọ́ kan box-and-one àyàfi tí mo bá ti rí i pé ẹnì kan ló ń ju bọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù fún ikọ̀ náà, tí àwọn yòókù kò sì lè ju òkúta bá ilé. Tí ẹni kejì tó lè jù bá wà, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka alátakò, ẹ má ka orúkọ rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí ogun Ìlọrin wá dó ti ìlú wa yìí ní nǹkan bí 1840, ẹṣin ni agbára wọn. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tó wá gba Òṣogbo sílẹ̀ kò lọ dúró de ẹlẹ́ṣin ní gbangba ọ̀sán. Òru ni wọ́n kọlu ibùdó wọn, nígbà tí ẹṣin wà lórí ìso. Wọ́n ti mọ ohun tí ọ̀tá fi ń jẹun kí wọ́n tó mọ irú ìjà tí wọ́n máa jà.

Ẹ ṣí eré márùn-ún tí alátakò gbá kẹ́yìn nínú líìgì. Ẹ má wo ẹni tó borí. Ẹ kọ ọ̀nà ìkọlù tó lò, iye bọ́ọ̀lù ọlọ́mẹ́ta tó jù, ipò tí àwọn mẹ́ta tó ń ju bọ́ọ̀lù jù lọ ń gbá, àti ẹni tó ń kó rebound fún un. Inú ìwé ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe orí. Èmi ní ìwé olójú ewé ọgọ́ta kan tí mo rà lọ́jà Orísunbáre, aró ti kùn ún lára torí ìyàwó mi máa ń gbé e kúrò lórí tábìlì tó bá ń di àdìrẹ, síbẹ̀ ó wúlò fún mi ju gbogbo àbá tí mo ti kà lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú ewé kan nínú rẹ̀. Ọ̀nà ìkọlù ikọ̀ kan, láti eré àkọ́kọ́ dé ìkarùn-ún: Low Post, Low Post, Motion, Low Post, Look Inside (ìkọlù inú ni èyí náà). Bọ́ọ̀lù ọlọ́mẹ́ta tí wọ́n jù: 11, 9, 33, 14, 12. Ẹni tó bá kánjú á rí 33 yẹn, ẹ̀rù á bà á, á ní ikọ̀ yìí kì í gbá oríṣi kan, á sì lọ fi 3-2 ṣọ́ ara rẹ̀. Mo ṣí eré kẹta yẹn wò dáadáa. Ikọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n bá gbá a. Center wọn àti power forward wọn, àwọn méjì tó ń gbá abẹ́ àwọ̀n, kò wọlé rárá, àwọn ọmọ bẹ́ǹṣì ni wọ́n kó síta, wọ́n sì fi Take It Easy, àṣẹ pé kí ikọ̀ má tiraka jù, sínmi. Mo fa igi lé e lórí. Ohun tó kù sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin: abẹ́ àwọ̀n ni àwọn èèyàn yìí ti ń jẹun. Mo lo 2-3, a sì jẹ wọ́n.

Kí ẹ sì tó bẹ̀rù ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ọlọ́mẹ́ta, ẹ ṣírò. Bọ́ọ̀lù 36 láti ẹ̀yìn ìlà, tí 12 bá wọlé, pọ́ìǹtì 36 ni. Bọ́ọ̀lù 36 láti tòsí, tí 18 bá wọlé, pọ́ìǹtì 36 náà ni. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ń mú ẹyọ kan nínú mẹ́ta láti òkèèrè kò ju ẹni tó ń mú ìdajì lábẹ́ àwọ̀n lọ, bó ti wù kí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó. Méjì tí kò wọlé nínú mẹ́ta yẹn, ẹnì kan ni yóò kó o. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ jẹ́ kó máa jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó gbé fóònù wá yàtọ̀: 17 nínú 41 ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ dáadáa. Iyẹn kì í ṣe oríire wọn. Wọ́n ráyè ni.

Ẹ tún máa wo ọ̀rọ̀ tí géèmù fi ń ṣàpèjúwe ikọ̀ lẹ́yìn eré: ìjùsáwọ̀n ti ìta, ti inú, ìdílémú ti ìta, ti inú, rebound, àti bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ṣàn lọ́wọ́ wọn. Tí ti inú bá ga ju ti ìta lọ ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta nínú eré tó tẹ̀ léra, ẹ ti rí ibi tí ẹṣin wọn so sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo àwọn èèyàn tiyín láìṣojúsàájú

Zone kì í ṣe oògùn ọ̀lẹ. Mo rí àwọn tí adílémú wọn kò mọ ìta ṣọ́ rárá, tí wọ́n wá ń lo 3-2 kí ìta lè le. Òdo lọ́nà mẹ́ta, òdo náà ni. Ohun tó wà nílẹ̀ ni zone ń bù kún; tí kò bá sí nǹkan nílẹ̀, ibi tó ṣí sílẹ̀ nìkan ló máa hàn.

Ẹni tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni small forward, ẹni kẹta. Nínú 3-2, iwájú ló wà pẹ̀lú àwọn guard méjèèjì, ìyẹn point guard àti shooting guard tó ń gbá ìta. Nínú 2-3, ó padà sábẹ́ àwọ̀n pẹ̀lú àwọn tó ga. Òun ni ọ̀pá àárín ilé. Tí small forward yín bá mọ ìta ṣọ́ ṣùgbọ́n tí kò mọ inú, ọwọ́ yín ti wà nínú 3-2 tàbí man-to-man, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ power forward tẹ́ ẹ sọ di small forward torí owó kò tó, 2-3 nìkan ni yóò bo àṣírí rẹ̀. Èmi máa ń tọ́jú méjì: ọ̀kan tó yá ẹsẹ̀, ọ̀kan tó sanra. Ẹni tí mo bá mú jáde ló ń sọ ọ̀nà tí mo lè lò lọ́jọ́ náà. Ó ná mi lówó tí mi ò bá fi ra guard kan, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹni kejì ni center. Ẹ rántí ọmọ wa, Hakeem Olajuwon, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1963. Bọ́ọ̀lù 3,830 ló fọwọ́ gbá dànù lójú àwọ̀n nínú NBA, kò sì sẹ́ni tí àkọsílẹ̀ líìgì náà ní tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní sáà tó parí ní 1994, òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, adílémú tó dára jù, àti ẹni tó ta yọ jù nínú àṣekágbá, lọ́dún kan ṣoṣo. Tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́yìn, guard yín lè sún mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ láìbẹ̀rù pé yóò gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá, torí ẹni tó bá kọjá ń lọ bá ìjọ̀gbọ̀n ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní center tó mọ inú ṣọ́, tó ń gbá bọ́ọ̀lù dànù, tó sì ń kó rebound, kí ló fẹ́ fi 2-3 ṣe? Kó lo man-to-man, kó sì máa sùn. Ẹni tí center rẹ̀ kò mú ni 2-3 wà fún, pàápàá tí power forward rẹ̀ bá lè ràn án lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ni yóò ṣọ́ ta?

Ọ̀pọ̀ kì í dé ibí rárá. Wọ́n á yan man-to-man, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí point guard ṣọ́ point guard, kí center ṣọ́ center. Tí géèmù yín bá fàyè gbà yín láti pààrọ̀ ẹni tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́, ẹ lò ó. Tí shooting guard alátakò bá jẹ́ iná, tí small forward rẹ̀ sì jẹ́ eérú, ẹ gbé adílémú ìta yín tó mú jù lọ bá iná, kẹ́ ẹ sì fi ẹni tí kò mọ ṣọ́ sọ́dọ̀ eérú. Ó máa ń yanjú ohun tí àwọn kan ń lo zone fún, láì jẹ́ kí aṣọ ìbora yọ ẹsẹ̀. Ohun kan ṣá: ẹ má gbé ẹni kúkúrú lọ bá òmìrán nítorí pé kò sẹ́lòmíràn. Rebound lẹ máa fi san án.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: alátakò náà ń kà yín

Ayò ọlọ́pọ́n ni. Bẹ́ ẹ ṣe ń ka ọmọ ayò tó wà nílé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń ka tiyín. Tí ẹ bá lo 2-3 nínú eré mẹ́fà tó tẹ̀ léra, ẹ ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Ọlá-Ìyá gan-an nìyẹn. Ikọ̀ tó nà án kì í gbá ìta tẹ́lẹ̀. Wọ́n rí i pé 2-3 ni oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, wọ́n wá gbá ìta lọ́jọ́ kan yẹn. Fún ìdí yìí, nínú eré tí kò le, ẹ máa pa ọ̀nà yín dà díẹ̀, kó lè hàn nínú àkọsílẹ̀ yín. Ìtànjẹ tí kò ná yín ní nǹkan kan ni.

BuzzerBeater tún fàyè gba yín láti sọ tẹ́lẹ̀ ibi tí alátakò máa gbájú mọ́, inú tàbí ìta, àti bóyá eré rẹ̀ máa yá tàbí kó falẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tó ṣẹ, ẹ máa rí ẹ̀bùn. Tí kò bá ṣẹ, ẹ máa jìyà rẹ̀. Èmi kì í sọ tẹ́lẹ̀ àyàfi tí ìwé mi bá ti sọ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún. Mẹ́ta nínú márùn-ún kò tó. Mo ti fi mẹ́ta nínú márùn-ún pàdánù ìdíje ife-ẹ̀yẹ rí, mo sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà kí n má baà gbàgbé.

Tẹ́ ẹ bá ṣiyèméjì, tí alátakò jẹ́ ẹni tó ń gbá inú lónìí tó ń gbá ìta lọ́la, ẹ padà sílé. Man-to-man.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi àṣẹ sílẹ̀ kí iná tó lọ

Ẹ̀rín lè pa yín, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ gidi ni fún ẹni tó ń gbé níbí. Lọ́dún tó kọjá, mo ti fi 3-2 sílẹ̀ fún eré ọjọ́ Tuesday, mo borí, mo sì ní kí n tó sùn lọ́jọ́ Friday màá yí i padà fún ikọ̀ Sátidé, tí wọ́n ga bí igi ọ̀pẹ. Iná lọ lọ́jọ́ Friday. Tiránsífọ́mà àdúgbò ló dún gbàù. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo kò sí nínú rẹ̀, fóònù mi sì wà ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Mo rìn dé Òkè-Fìà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì láti wá ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ. Nígbà tí fóònù fi máa tàn, eré ti wọ ìdá kejì, 3-2 mi sì wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ìlà ọlọ́mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò sún mọ́. Rebound 61 ni wọ́n kó. Àwa kó 34.

Láti ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú tí eré kan bá parí ni mo ti ń fi àṣẹ sílẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e, bí kò tilẹ̀ dá mi lójú. Tí mo bá rí ohun tuntun lẹ́yìn náà, màá yí i. Bí mi ò bá sì ráyè, ohun tó wà níbẹ̀ kò ní jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ṣèdájọ́ ọ̀nà náà, kì í ṣe èsì

Ẹ lè yan ọ̀nà tó tọ́ kẹ́ ẹ sì pàdánù. Ẹ lè yan ti wèrè kẹ́ ẹ borí, torí ikọ̀ yín le ju tiwọn lọ. Nítorí náà, tí eré bá parí, ẹ padà sí ohun tí ẹ sọ pé ọ̀nà náà máa ṣe, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ṣe é. Tó bá jẹ́ 3-2 lẹ lò, mélòó nínú bọ́ọ̀lù ọlọ́mẹ́ta wọn ló wọlé? Tó bá jẹ́ 2-3, ta ló kó rebound jù? Tí iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an bá ti jẹ́, ọ̀nà yẹn kò jẹ̀bi. Ibòmíràn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jò. Ẹ má sì tìtorí eré kan pa ohun tẹ́ ẹ ti ń kọ́ láti oṣù mẹ́ta dà. Bọ́ọ̀lù máa ń wọlé fún aláìmọ̀ọ́jù nígbà mìíràn, nínú géèmù àti lórí pápá.

Ọmọ Ọlá-Ìyá tún pàdé ikọ̀ tó nà án ní àbọ̀ sáà. Ó ti kọ ìwé tirẹ̀, bébà àkọsílẹ̀ ilé-ìwé ni, ó ká a mọ́wọ́ wá. Ó lo man-to-man, ó gbé adílémú rẹ̀ tó mú jù bá shooting guard tó ti na án lójọ́sí. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù ọlọ́mẹ́ta 34, mẹ́sàn-án ló wọlé. Ó tún pàdánù, 94 sí 91.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ó ní, inú rẹ̀ sì dùn ju ti ẹni tó borí lọ. Ó fi ìka tẹ ojú fóònù níbi tí rebound wà: 52 sí 38. Center rẹ̀ kó mẹ́rin péré ní gbogbo eré náà. Ó béèrè bóyá kí òun tà á lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kó kọ́kọ́ jẹ́ kí fóònù gba iná dé ìdajì.